Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń gbé ní àdúgbò wa. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún un. Ọdún mẹ́fà gbáko ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè ra mọ́tò. Ìyàwó náà ń ta aṣọ, ọjà mẹ́ta ni ó sì ń ná láàrin ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbé àga àti tábìlì lọ fún àwọn oníbàárà. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ń san ti fẹ́ jẹ èrè wọn tán.

Ní ọdún 2020, owó pé. Ọkùnrin náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Ó rí ọ̀kan tí ń dán bí dígí. Ó jókòó sínú rẹ̀, òórùn lọ́fíńdà ń ta sánsán. Wọ́n ṣí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó san owó, ó wà á wálé, gbogbo wa sì bá a yọ̀. A jẹ, a mu.

Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí iná mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Lónìí fèrèsé kò ní gòkè. Lọ́la ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn. Rewáyà tú u, ó dì í, ó tún tú u. Nígbà tí ó gbé kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ mọ́tò sókè, kí ni ó bá nísàlẹ̀? Ẹrẹ̀ gbígbẹ. Mọ́tò náà ti mu omi rí. Omi ti bò ó ní ìlú òyìnbó kí wọ́n tó kó o wá sí Èkó.

Èmi kò sọ ìtàn yìí láti fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tí ìbá kìlọ̀ fún un wà lára mọ́tò náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun kíkọ: lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ní ọjọ́ náà, kò tíì mọ̀wé kà. Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́ ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ka mọ́tò.

Ibi tí tòkunbọ̀ ti wá

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní ìlú òyìnbó, tí ó wá gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa, ni ó jogún orúkọ náà.

Kì í ṣe pé tòkunbọ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot ní Kàdúná. Ní ọdún yẹn kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àwọn àgbà yóò rántí mọ́tò kékeré tí à ń pè ní Ìjàpá. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè yá owó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì ra mọ́tò titun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò sì tó mọ́tò titun mọ́. Bí tòkunbọ̀ ṣe gbòde nìyẹn.

Nọ́ńbà ṣáásí

Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ìlú Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 wá ní àmì kan tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, mẹ́tàdínlógún lápapọ̀. Nọ́ńbà ṣáásí ni à ń pè é. Ó dà bí ilà ojú: bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ ó mọ ilé tí mọ́tò ti wá.

Ẹ dúró níta, ní apá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ẹ wo inú dígí iwájú nísàlẹ̀, ẹ ó rí i. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó rẹ̀, ẹ ó tún rí i níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Àmì mẹ́tàdínlógún náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sáré kà á o. Ẹ fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ṣe nígbà tí a ń kọ́ A, B, D. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀, tàbí tí ojú ibẹ̀ bá rí bí ẹni pé wọ́n ha á, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ mọ́tò olè. Ẹni tí ọlọ́pàá bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò náà. 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. 2 ni Kánádà. J ni Japan. W ni Jámánì. Nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ẹ ó fi ojú sí jù, nítorí òun ni ó ń sọ ọdún. 6 ni 2006, 7 ni 2007, 9 ni 2009. Láti ibẹ̀ ó di lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní rí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣáásí rárá, kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0.

Bí ẹni tí ń tà á bá wí pé, “Bàbá, 2010 ni mọ́tò yìí,” tí ẹ sì rí 7 ní ipò kẹwàá, ọdún mẹ́ta ni ó fi kún un. Owó ńlá ni ọdún mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ohun kan tún wà níbi sítíárì. Títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà ni a ti ń wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ọjọ́ náà ni a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní ìlú Ọba àti Japan, apá òsì ni wọ́n ṣì wà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì mọ́tò wọn wà. Bí ẹ bá rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbé sítíárì rẹ̀ wá sí òsì, ẹ bi wọ́n pé ta ni ó gbé e. Ní tèmi, n kò ní gbé ọmọ mi sínú rẹ̀.

Ọjọ́ orí táyà

Táyà lè ní eyín dáadáa kí ó sì ti darúgbó. Rọ́bà ń gbó, ìbáà jẹ́ pé kò rìn. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí lára táyà: DOT. Ẹ tẹ̀ lé ìlà náà dé òpin, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 2319, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Nígbà mìíràn, apá inú ni nọ́ńbà yìí wà. Ẹ má kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ wò ó, eruku aṣọ kò pa ènìyàn. Táyà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ má gbé e rin ọ̀nà jíjìn. Bí irú rẹ̀ bá bẹ́ lórí eré ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kì í fún awakọ̀ láyè láti ronú.

Mọ́tò tí ó mu omi

Ìjì líle a máa jà ní Amẹ́ríkà, omi a sì bo ìlú. Èyí tí wọ́n pè ní Katrina jà ní ọdún 2005, Sandy ní 2012, Harvey ní 2017. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún mọ́tò ni omi bò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n a fọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, wọ́n a sá a, wọ́n a sì lu ú ní gbàǹjo. Díẹ̀ nínú wọn a máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́fíńdà tí ó pọ̀ jù nínú mọ́tò yẹ kí ó kọ yín lóminú. Kí ni wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀? Ẹ fa bẹ́líìtì tí à ń so mọ́ àyà jáde títí yóò fi tán. Bí omi bá ti dé ibẹ̀ rí, ẹ lè rí ìlà ìdọ̀tí lára rẹ̀, nítorí ẹni tí ń fọ mọ́tò kì í sábà rántí fà á dé òpin. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ àga: ṣé irin ibẹ̀ ti dípẹtà? Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, àti ti inú búùtù pẹ̀lú.

Ẹ́ńjìnnì

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì ṣí mọ́tò náà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ́ńjìnnì tí ń ṣàìsàn kì í sábà lè fi í pamọ́ bí ó bá tutù.

Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá rí bí ògì tí a bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn, ẹ má sì ra mọ́tò náà. Ẹ wo èéfín. Èyí tó dúdú ń jẹ epo bẹntiróòlù ju bó ti yẹ lọ. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù ń jó ọ́ìlì. Funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n funfun tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró, omi ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì.

Máìlì tí mọ́tò ti rìn ńkọ́? Wọ́n lè yí i padà sẹ́yìn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ bíréèkì, ẹ wo àga awakọ̀. Bí mítà bá ní 40,000, tí rọ́bà bíréèkì sì ti jẹ tán, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Ẹ sì rántí pé máìlì ju kìlómítà lọ: 100,000 máìlì jẹ́ nǹkan bí 160,000 kìlómítà.

Mẹkáníìkì tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tí ń tà á bá pè fún yín.

Ìwé, àti owó tí ó kù

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wọlé láti Kútọnu àti ibòmíràn. Ojú omi ni kí ó gbà. Ẹni tí ó bá ra èyí tó gba inú igbó wọlé nítorí pé owó rẹ̀ kéré, aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ bèèrè ìwé aṣọ́bodè, ẹ sì fi nọ́ńbà ṣáásí wé ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Ẹ má ná gbogbo owó yín tán lórí mọ́tò. Ọ́ìlì wà láti pààrọ̀, bátìrì àti táyà wà, ìwé orúkọ yín wà láti ṣe. Ìnṣọ́ránsì tí ó kéré jù fún mọ́tò ilé kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Láti oṣù karùn-ún ọdún náà tí ìjọba ti yọ ọwọ́ kúrò nínú owó epo, ẹ́ńjìnnì ńlá di ẹrù fún olówó oṣù. Mọ́tò tí ẹ lè rí ohun èlò rẹ̀ rà ní Ládípọ̀ ní Èkó, tàbí ní Gáàtì ní Ìbàdàn, sàn ju èyí tí mẹkáníìkì kan ṣoṣo mọ̀ ní gbogbo ìlú.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ máa wo ọwọ́ kékeré tó wà láàrin lẹ́tà C àti H níwájú yín, bí mọ́tò yín bá ní in. C ni tútù, H ni gbígbóná. Bí ó bá ń lọ sí H, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná! Omi inú rẹ̀ yóò ta jáde, yóò sì bó ojú àti àyà ènìyàn. Mo mọ awakọ̀ kan tí àpá rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí di òní. Ẹ jókòó sí abẹ́ igi títí yóò fi tutù, bí ó tilẹ̀ gba wákàtí kan.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wa ńkọ́? Ó ta mọ́tò àkọ́kọ́ náà ní ìdajì owó tí ó rà á, ó sì sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tí ó rà á. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 2024, àwọn méjèèjì jọ lọ wo Toyota Corolla kan. Àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 2, ẹ̀kẹwàá jẹ́ 9, ìwé rẹ̀ sì bá a mu. Ìyàwó ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi táyà.

“Mọ́mì, táyà yẹn ṣì le dáadáa, ọdún tó kọjá ni a rà á,” ni ọkùnrin tí ń tà á wí.

“Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ẹ wá bá mi ka èyí kí n gbọ́.”

0811 ni ó wà níbẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì yọ owó táyà mẹ́rin kúrò nínú iye tó pè é. Wọ́n ti gbé mọ́tò náà dé Ìlọrin lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyàwó a ka ìlà ọ́ìlì, ọkọ a bu omi, lẹ́yìn náà wọ́n a di aṣọ sínú búùtù, wọ́n a sì gba ọjà lọ.