Nígbà Tí Òtútù Bá Dojú Kọ Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Kí ìyá tó wọ bàálù

Lásìkò òtútù, ọ̀pọ̀ ìyá wa ń ti Èkó lọ sí London láti lọ wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n á di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú báàgì, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé òtútù fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i.

Bí atẹ́gùn tútù bá ti kan ara, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́, ẹsẹ̀, etí àti imú á fún pọ̀, kí ooru má baà sá lọ. Ọ̀nà ti há nìyẹn. Ọkàn á wá fi agbára kún agbára kí ẹ̀jẹ̀ tó lè kọjá.

Oògùn ń dẹ iṣan, òtútù ń fún un

Kálísíọ̀mù ni iṣan fi ń fún ara rẹ̀ pọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi amlodipine àti nifedipine máa ń dín kálísíọ̀mù tó ń wọlé kù, iṣan á sì dẹ̀. Òtútù ní ọgbọ́n tirẹ̀: nínú iṣan awọ ara, àwọn ohun kan wà tó ń gba àṣẹ "fún pọ̀", tí wọ́n máa ń fara pamọ́ nígbà tí ara bá móoru. Bí òtútù bá mú, wọ́n á jáde síta, àṣẹ náà á sì túbọ̀ rinlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ga lásìkò òtútù, ẹ má yára sọ pé ayédèrú ni oògùn.

Àwọn mìíràn wà tí ìka wọn ń funfun nínú òtútù, tí á di aró, tí á pọ́n nígbà tó bá ń móoru. Maurice Raynaud, dókítà ará Faransé, ló ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní 1862, nifedipine sì wà lára oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àwọ̀ yẹn lè má hàn dáadáa. Ẹ wo èékánná àti àtẹ́lẹwọ́. Ẹ bi ìyá bóyá ìka ń kú tipiri.

Ooru òjijì náà léwu

Ẹni tó lo oògùn tó ń dẹ iṣan, tó ti inú òtútù kó sínú omi gbígbóná, òòyì lè kọ́ ọ kó ṣubú. Ẹni tó lẹ oògùn ọkàn tó ń jẹ́ nitroglycerin mọ́ àyà kò gbọdọ̀ gbé ike omi gbígbóná lé e: oògùn á ya wọ ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe èyí

Ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó nínú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti tutù. Ẹ má sọ oògùn kan di méjì láìbi dókítà. Ẹ sọ fún apòògùn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru kẹ́ ẹ tó ra oògùn ọ̀fìnkìn, torí pseudoephedrine inú àwọn kan ń fún iṣan pọ̀. Bí àyà bá ń fún wọn, tàbí ẹnu wọ́, 999 ni kẹ́ ẹ pè ní London lójú ẹsẹ̀.