Ẹ Béèrè Orúkọ Òǹkọ̀wé: Ibi Tí Adùn Eré Kòríà Ti Ń Wá

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré orí tẹlifíṣọ̀n kan láti Kòríà yóò dùn, kó má kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ṣe olórí òṣèré níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ni kó wá. Bí àwọn ará Gúúsù Kòríà fúnra wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn: orúkọ òǹkọ̀wé máa ń wà lára ìwé ìpolówó eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olùdarí, wọ́n á sì máa sọ fún ara wọn pé eré Kim Eun-sook tuntun ti dé, tàbí eré Noh Hee-kyung, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olórin tó gbé àwo tuntun jáde. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ gan-an ni adùn wọn ti ń wá. Òótọ́ ni pé àwọn òṣèré wọn rẹwà, òótọ́ sì ni pé owó tó ń wọnú iṣẹ́ náà báyìí kò kéré. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí ẹni tó jókòó wo apá kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì má lè dìde mọ́ títí àkùkọ fi kọ ni pé ọpọlọ ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni náà sì ti mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra.

Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ló fún òǹkọ̀wé lágbára bẹ́ẹ̀. Eré àtìgbàdégbà tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn ní apá 16, apá kọ̀ọ̀kan sì máa ń tó wákàtí kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì-méjì ni wọ́n sábà ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀, nígbà tí oṣù méjì bá fi pé, ìtàn ti parí, ó parí náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni wọ́n máa ń kó jọ láti kọ eré kan, eré tó bá sì ń pa owó wọlé lè máa lọ fún ọdún mẹ́wàá títí yóò fi sú àwọn tó ń wò ó. Òǹkọ̀wé Kòríà lè ní àwọn tí ń bá a ṣèwádìí, ṣùgbọ́n òun ló ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu òṣèré. Ó mọ iye apá tó wà níkàáwọ́ òun, nítorí náà kò lè fi àsìkò tàfàlà, kò sì sí ohun tó ń lé e débi tí yóò fi máa sáré. Ohun tó bá gbìn sí apá kejì, ó di apá kẹtàlá kó tó kórè rẹ̀, òǹwòran tó ti gbàgbé á wá rántí, ara rẹ̀ á sì bù máṣọ.

Ètò yìí ní ìnira tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń ya apá ti ọ̀sẹ̀ yìí nígbà tí òǹkọ̀wé ṣì ń kọ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oorun kò sí fún òṣèré, kò sí fún ayàwòrán, àwọn apá ìkẹyìn sì máa ń rí wúruwùru. Àyípadà dé díẹ̀díẹ̀. Ní 2016 wọ́n ya Descendants of the Sun tán pátápátá kí wọ́n tó gbé apá àkọ́kọ́ jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Láti 2018 ni òfin tó fi wákàtí iṣẹ́ mọ sí 52 lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní Gúúsù Kòríà. Ohun tí mo rí nínú àwọn eré tó jáde láti ìgbà náà wá ni pé òpin wọn kì í burú ju ìbẹ̀rẹ̀ wọn lọ mọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi ni When Life Gives You Tangerines, tí Netflix gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, apá mẹ́rin-mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lim Sang-choon ló kọ ọ́, orúkọ ìkọ̀wé lásán sì ni orúkọ yẹn, nítorí ẹni tó ń jẹ́ ẹ kì í fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn fáráyé. Kim Won-seok ló darí rẹ̀. Erékùṣù Jeju ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ae-sun sí ní 1951. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn haenyeo, àwọn obìnrin tí ń mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó rì lọ sísàlẹ̀ òkun láti kó ìgbín òkun àti ewé òkun wá sókè. UNESCO ti fi àṣà wọn kún ogún tó yẹ kí aráyé dáàbò bò láti 2016. Ae-sun fẹ́ di akéwì, òṣì kò jẹ́ kó kàwé. Gwan-sik, ọmọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré, kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí apànìyàn tí à ń wá kiri. Owó ilé-ìwé, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan àti àwo oúnjẹ ni òǹkọ̀wé fi hun wákàtí mẹ́rìndínlógún, kò sì sí èyí tó súni níbẹ̀.

Ẹ wo ìran oúnjẹ kan nínú rẹ̀. Nílé àwọn òbí Gwan-sik, àwọn ọkùnrin jókòó sídìí tábìlì tiwọn, àwọn obìnrin sì ń jẹun lẹ́yìn wọn nídìí tábìlì mìíràn. Gwan-sik kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò ṣàlàyé kankan. Ó kàn yí ara padà níbi tó jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọkùnrin, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì ń bá a jẹun. Òǹkọ̀wé tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ì bá ti fi ọ̀rọ̀ gígùn sí i lẹ́nu nípa ẹ̀tọ́ obìnrin. Lim Sang-choon gbà pé ẹni tó ń wò ó gbọ́n. Láti ìgbà yẹn lọ, ohunkóhun tí Gwan-sik bá ṣe, a ti mọ irú èèyàn tó jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ikú ọmọ wọn àti àìsàn òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún fi ń dunni bí ẹni pé ará ilé ẹni ni. Ẹ tún wo ọgbọ́n mìíràn: òṣèré tó ń jẹ́ IU ló ṣe Ae-sun nígbà èwe, òun náà ló tún ṣe Geum-myeong, ọmọ Ae-sun, tó lọ sí yunifásítì ńlá ní Seoul, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ta ilé wọn kó lè lọ kàwé sí i ní Japan. Ojú kan náà tó sunkún nítorí pé wọn kò jẹ́ kó kàwé la tún ń wò nígbà tí ọmọ ń kàwé. Ẹni tó ti rí ìgbẹ̀yìn ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè ronú kan irú èyí.

Mo tún fẹ́ kí ẹ kíyè sí Bu Sang-gil, tí Choi Dae-hoon ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ yọjú, èèyàn burúkú ni: ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń lo ìyàwó nílòkulò, tó ń tẹ ẹni tó kéré sí i mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ eré ì bá lò ó bí ẹni búburú kí wọ́n sì jù ú nù. Níbí, òǹkọ̀wé jẹ́ kó darúgbó lójú wa títí tí ìdánìkanwà rẹ̀ fi ń ṣeni láàánú, kò sì pa ìwà àtijọ́ rẹ̀ rẹ́ rárá. Nígbà tí wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ Baeksang ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, eré náà gba ti eré tó dára jù lọ, Lim Sang-choon gba ti ìkọ̀wé, Choi Dae-hoon àti Yeom Hye-ran, ẹni tó ṣe ìyá Ae-sun, sì gba ti àwọn òṣèré alátìlẹyìn. Ìyá náà kú láìtọ́jọ́ nínú ìtàn, síbẹ̀ kò sí apá kan tí a kò ti nímọ̀lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú My Mister ti 2018, tí Park Hae-young kọ. Ọmọbìnrin kan tí gbèsè ìyá rẹ̀ tó ti kú ń lé kiri ṣe àdéhùn láti gba owó kó lè ba ọ̀gá kan jẹ́ níbi iṣẹ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọ̀gá náà ń sọ lórí fóònù láìjẹ́ pé ọ̀gá mọ̀, títí ìwà rere ọkùnrin yìí fi yí i lọ́kàn padà. Nínú Extraordinary Attorney Woo ti 2022, Moon Ji-won kọ ìtàn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ọ̀tísíìmù, tí ọpọlọ rẹ̀ pé bí idán, tí kì í sì yé sọ̀rọ̀ ẹja àbùùbùtán. Àwọn kan rojọ́ pé ọmọ tó ní ọ̀tísíìmù kò sábà rí bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé ti rí ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀: ní apá kẹta, ó mú ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọ̀tísíìmù tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ wá sílé ẹjọ́, ó sì jẹ́ kí Woo fúnra rẹ̀ dojú kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Àwọn kan á sọ pé owó Netflix àti ojú àwọn gbajúmọ̀ ló ń ta ọjà, kì í ṣe ìkọ̀wé. Owó náà wà lóòótọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 ilé-iṣẹ́ náà kéde bílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún iṣẹ́ Kòríà láàárín ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Hwang Dong-hyuk ti kọ eré Squid Game láti nǹkan bí 2009, ó sì tó ọdún mẹ́wàá tí kò rí ẹni fowó sí i. Ìtàn ló kọ́kọ́ wà kí owó tó dé. ENA tó gbé Extraordinary Attorney Woo sáfẹ́fẹ́ kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá. Àwọn tó wo apá àkọ́kọ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó fi máa parí, ó ti kọjá ìdá 17. Ẹnu àwọn tó ti wò ó ló polówó rẹ̀. Squid Game tún jẹ́ ẹ̀rí lódìkejì. Apá mẹ́sàn-án tó jáde ní 2021 gún régé, Lee Jung-jae àti Hwang sì gba Emmy lé e lórí ní 2022. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fà á gùn sí ìpele kejì ní ìparí 2024 àti ìkẹta ní 2025. Owó pọ̀ sí i, àwọn òṣèré ńlá pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò dùn tó ti àkọ́kọ́ lójú mi, nítorí pé ìtàn tí wọ́n ti sọ parí ni wọ́n tún ń sọ.

Ẹjọ́ kejì ni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ọmọ olówó, ọmọbìnrin tálákà, ìyá ọkọ tó burú, ìjàǹbá ọkọ̀, ẹni tó gbàgbé ara rẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ pọ̀, n kò sì ní gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ lè gba ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà kó sì débòmíràn. Kim Eun-sook tó kọ Goblin, eré ìfẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni ó kọ The Glory, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2022, ìtàn obìnrin tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi irin ìṣerun jó lára nílé-ìwé, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti múra ẹ̀san sílẹ̀.

Ẹjọ́ kẹta ló wúwo jù. Wọ́n ní ẹkún inú àwọn eré yìí máa ń dùn jù, pé wọ́n ń fi oyin bo ìrora. Èyí ní òótọ́ nínú. Láàárín 1948 sí 1954, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Jeju nígbà ìdìtẹ̀ àti ìpakúpa tí wọ́n ń pè ní 4.3. Ní ìgbà náà gan-an ni wọ́n bí Ae-sun, síbẹ̀ eré tí mo ń yìn yìí kò gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Àléébù ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé eré Kòríà ń fi ìrora pamọ́ kò tọ́. Gbèsè ló lé àwọn èèyàn wọnú Squid Game, ìyà ilé-ìwé ni The Glory dá lé, haenyeo tálákà tó kú láìtọ́jọ́ ni ìyá Ae-sun. Ẹkún tí wọ́n ń mú wa sun jẹ́ ẹkún tó ní ìdí, òǹkọ̀wé sì ti fi sùúrù kó ìdí náà jọ ká tó dé ibẹ̀.

Ẹni tí kò tíì wo ọ̀kankan rí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú When Life Gives You Tangerines, kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú My Mister. Ẹ má wo èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bò. Ẹ jẹ́ kí ohùn àwọn òṣèré wà bó ṣe wà, kí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán. Èdè wọn ní ọ̀nà tí ọmọdé fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ bíi tiwa, ìgbà tí ẹnì kan bá sì dédé yọ ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu, etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ kó tó ka ìtumọ̀. Bí eré náà bá sì ti wọ̀ yín lára, ẹ wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ wá èyí tó kọ ṣáájú lọ wò.