Álẹ́ẹ̀tì Kì Í Ṣe Owó

Ọ̀rọ̀ tòní kàn mí gan-an, torí ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Màmá mi ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ra léèsì ₦85,000, ó ní òun ti ṣe tíránsífà. Fóònù màmá mi dún. Orúkọ báǹkì wọn ló wà lókè, abẹ́ àwọn álẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló sì bọ́ sí. Wọ́n di aṣọ fún un, wọ́n tún ṣàdúrà fún un. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fẹ́ sanwó ọjà, kò sówó. Wọ́n wá bi èmi tí mò ń ka sáyẹ́ǹsì pé, "Ṣebí báǹkì ló fi ránṣẹ́ sí mi?" Ẹnu mi wọhò. Ni mo bá lọ wádìí ẹ̀.

Ohun tí mo rí rèé: ọ̀nà tí owó ń gbà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí SMS ń gbà.

Tí ẹnì kan bá fowó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà, báǹkì ẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀dọ̀ NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, bá báǹkì yín sọ̀rọ̀. Láti 2011 ni ètò wọn tó ń jẹ́ NIP ti ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Báǹkì yín á wá kọ owó náà sínú àkáǹtì yín. Ibẹ̀ lowó wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni báǹkì tó máa fi SMS ránṣẹ́. Ìròyìn owó lásán ni álẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn lè pẹ́ dé. Ó sì lè jẹ́ irọ́.

Kí ló dé tí irọ́ fi ń jọ òótọ́? SMS ti dàgbà, 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ètò ẹ̀ gbà kí ẹni tó ń ránṣẹ́ fi orúkọ rọ́pò nọ́ńbà, kó má ṣáà ju lẹ́tà 11 lọ. Fóònù yín ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó ni orúkọ ló lò ó. Tí orúkọ bá ti bára mu, á kó ojúlówó àti ayédèrú sójú kan náà.

Nítorí náà, ẹ má gba ohun tí wọ́n wá sọ fún yín gbọ́; ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ bi báǹkì. Ẹ ṣí app yín, tàbí kí ẹ tẹ kóòdù USSD báǹkì yín, kẹ́ ẹ wo iye tó wà nílẹ̀. Ẹ má wo fóònù ẹni tó ń sanwó o. Bákan náà, tí ẹnì kan bá pè yín pé "láti báǹkì" ni, tó ń béèrè OTP tàbí PIN, ẹ pa ìpè náà. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kẹ́ ẹ pè.

Màmá mi ò rí owó yẹn gbà mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan bínú nígbà tí wọ́n ní kó dúró káwọn wo app ná. Ó ní ṣé olè lòun ni? Màmá mi rẹ́rìn-ín: "Rárá o, ọmọ mi. Fóònù mi ni mi ò gbà gbọ́."