Ìhó Wẹ́wẹ́ Nínú Omi Ẹja: Ibo Ni Atẹ́gùn Ti Ń Wọlé?

Bí ẹ bá ń sin ẹja sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ yín, tí àpótí kejì sì wà nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń sẹ́ omi kí ẹ̀rọ tó tì í padà sókè, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Lójijì, omi tó mọ́ gaara yóò dà bí omi ìrẹsì. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí i pé ìdọ̀tí kọ́. Ìhó atẹ́gùn ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju ẹyọ iyọ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sáré lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ fi owó yín pamọ́ ná. Ẹ kọ́kọ́ wo yàrá tí ẹ̀rọ wà nínú àpótí ìsàlẹ̀. Bí omi bá ń gbẹ, ti òkè kì í dín. Inú yàrá yìí ni ó ti máa ń hàn. Lásìkò ọyẹ́, fún àwa tí a ń gbé ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti agbègbè wọn, omi ibẹ̀ lè fà púpọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó bá sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, yóò máa yí bìrì bí omi tó ń gba inú àrọ kọjá, atẹ́gùn á bá a wọlé, abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀rọ á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ bu omi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kún dé ẹnu o: bí iná bá lọ, díẹ̀ nínú omi òkè yóò ṣàn padà wálẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ìyá ilé ni yóò sì mu ún.

Bí ìhó kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wo ibi tí omi òkè ti ń já sílẹ̀. Omi tó ń já bí òṣòòrò máa ń gbé atẹ́gùn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu páìpù náà rì díẹ̀ sínú omi, kí ẹ sì fi fóòmù tàbí ìkélé gíláàsì sí ọ̀nà rẹ̀, kí ìhó lè ráyè léfòó kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.

Èyí tó ṣòro jù ni oríkèé páìpù tó wà ṣáájú ẹ̀rọ, fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà lóde omi. Ó lè máà jo omi síta rárá, nítorí ẹ̀rọ ń fà á mọ́ra. Atẹ́gùn ni yóò máa gbà wọlé. Ẹ fi Vaseline ra oríkèé wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá rá tí ìhó dínkù, òun ni ọ̀daràn. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà wé e kí ẹ tó tún un dè.

Ẹ má fi èyí falẹ̀. Atẹ́gùn tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ mọ́ omi lè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, kó wọ ara ẹja, kó sì hó síbẹ̀: ẹ óò rí i lára lẹbẹ rẹ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ yọ síta. Ẹja kò lè pariwo. Ẹ sì mọ hádíìsì obìnrin tó sé ológbò mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kó wá oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìhó ló jẹ́ àléébù. Àpótí tuntun lè hó fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó ń tò gòkè láti ara ewé inú omi kò burú. Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ omi, omi ẹ̀rọ tútù ló fà á. Ẹ jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dà á sí i.