Nígbà tí kátálọ́ọ̀gì ń kọ́ ọmọ Ìgbómìnà níṣẹ́ rédíò

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Lónìí, ọmọ iléèwé tó wà ní Òmù-Àrán tàbí Ẹ̀sìẹ́ lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ra ẹ̀yà ẹ̀rọ láti ilẹ̀ China. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó dé, kátálọ́ọ̀gì ni àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ń ṣí. Wọn a fàlà sábẹ́ ohun tó wù wọ́n, wọn a kọ lẹ́tà, wọn a fowó ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Láti Manchester ni kátálọ́ọ̀gì J.D. Williams ti ń wọ Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Heath tó wà ní Benton Harbor bẹ̀rẹ̀ sí í ta Heathkit ní 1947. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìrìn iná mànàmáná ló kọ́kọ́ tà, dọ́là 39.50 sì ni iye rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí páálí náà kò ní í bá ẹ̀rọ tó ti pé níbẹ̀. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ló máa bá, pẹ̀lú ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹni tó bá tò ó tán ti mọ inú rẹ̀. RadioShack ti Amẹ́ríkà àti Maplin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi kátálọ́ọ̀gì lókìkí.

Ẹni tí kò lówó irú páálí bẹ́ẹ̀ kò torí ìyẹn jókòó. Rédíò transistor, tó kọ́kọ́ jáde lórí igbá ní 1954, kò nílò ju òkúta tọ́ọ̀ṣì lọ, ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ìlú tí kò ní iná. Bí ó bá kú, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni wọ́n ń gbé e lọ. Inú òkú rédíò ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ òjé mọ́ wáyà, tí òun náà á sì fi di ọ̀gá.

Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí ìjọba sọ owó náírà sọ́jà ní oṣù kẹsàn-án 1986, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ kí ọdún náà tó parí. Ohun tí olùkọ́ lè rà lókè òkun tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fojú wò lórí ìwé. Àwọn ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba kó wọlé fún ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, náà kò ṣe gbogbo iléèwé láǹfààní. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú páálí tí ìpẹtà fi jẹ ẹ́.

Àwọn iléeṣẹ́ náà kò sì ṣe é gbára lé mọ́. Heathkit dáwọ́ títa páálí dúró ní 1992, RadioShack wọ gbèsè ní 2015, Maplin sì ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní 2018. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa, tí kò fi rọrùn láti tú.

Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tó lé ní 800 wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère wà, ṣùgbọ́n títí dòní, kò sẹ́ni tó lè sọ ní pàtó ẹni tó gbẹ́ ẹ. Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn àgbà tó ń tún rédíò ṣe ṣì wà láàárín ìgboro. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó tì wọ́n báyìí, rédíò yóò kù, ọwọ́ tó mọ inú rẹ̀ ni kò ní í sí mọ́.