Eré Àsápajúdé: Bí Mo Ṣe Mú Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Mi Yára Láì Jó O

Nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ní yàrá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ fún àbúrò mi obìnrin. Orí kọ̀ǹpútà mi ló ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Èmi wo fídíò kan, mo wọ BIOS, mo gbé iyára prósẹ́sọ̀ láti 3.3 GHz sí 4.6 GHz lẹ́ẹ̀kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Nígbà tó tún tan, fáìlì náà ò ṣí mọ́. Ẹ̀dà tó wà lórí fláàṣì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́ rèé.

Kí ni overclocking?

Ìlù kan wà tí prósẹ́sọ̀ ń jó sí. 3.3 GHz túmọ̀ sí pé ìlù yẹn ń dún nígbà bílíọ̀nù 3.3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Overclocking ni ká ní kí onílù yára ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wí lọ. Tó bá yára jù, ẹsẹ̀ oníjó ò ní bá a mọ́, àṣìṣe á wọlé. Bí tèmi ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Kí ẹsẹ̀ lè bá ìlù, àwọn èèyàn máa ń fi kún fólítéèjì. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Tí ẹ bá fi 20% kún iyára, tí ẹ sì fi 10% kún fólítéèjì, ẹ máa ṣírò fólítéèjì lẹ́ẹ̀mejì: 1.2 × 1.1 × 1.1. Ooru á fi nǹkan bíi 45% lé sí i!

Ṣé tiyín lè ṣe é?

Tèmi ni Intel Core i5-2500K, ọdún 2011. Lẹ́tà K yẹn ló ṣílẹ̀kùn. i5-2400 tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè. Bọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ gbà: P67 àti Z68 gbà, H61 ò gbà.

Eruku lẹ kọ́kọ́ bá jà

Nígbà tí mo tú tèmi, eruku ọyẹ́ ti dí fáànù pa, thermal paste sì ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná. Láìtíì fi kún iyára rárá, ó ń gbóná dé dígírì 96, ó sì ń dẹ ìrìn fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Mo gbọn eruku, mo pààrọ̀ paste, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 70. Iyára tí mo ń wá kiri ti wà nílé tẹ́lẹ̀!

Ẹ tún rántí pé fáànù ò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ. Tí yàrá bá fi dígírì 10 gbóná sí i, prósẹ́sọ̀ náà á fi bíi 10 gbóná sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń gbóná nísàlẹ̀ àpáta Olósùnta lọ́sàn-án, ẹ má dán kọ̀ǹpútà wò láàárọ̀ kùtù. Aago méjì ọ̀sán ni ìdánwò gidi.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn

Mo ń fi 100 MHz kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi Prime95 dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì ń fi HWiNFO wo ooru. Tó bá ti kọjá 80, mo padà sẹ́yìn. Mi ò fi fólítéèjì sí Auto, torí bọ́ọ̀dù lè fi kún un láì bi yín. Mo dúró ní 4.0 GHz.

Graphics card mi, GTX 750 Ti, 60 W péré ló ń jẹ. MSI Afterburner ni mo lò, 20 MHz lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí àwọn àmì tó-tò-tó bá ti ń yọ lójú àwòrán, ó ti tó nìyẹn, ẹ dín in kù.

Ẹ má tún BIOS ṣe lórí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti fẹ́ tán. Tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tan, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ètò á padà sí bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn. Títí dòní, kí àbúrò mi tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ó máa ń bi mí pé: “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ò fọwọ́ kan BIOS lónìí?”