Yíya Àwòrán Ìmọ́lẹ̀ Òru ní Ìhà Àríwá Ayé

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Nọ́wè ni ìlú Alta wà. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí àárín oṣù Kìn-ín-ní, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ìdájí ni àwọn ará ibẹ̀ ń rí ní ọ̀sán fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn èyí ilẹ̀ a tún ṣú. Síbẹ̀, òkùnkùn yìí kan náà ni ó ń fi ohun ìyanu hàn wọ́n. Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé a yọ lókè, a gùn gbọọrọ bí ọ̀já, a sì máa mì bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn. Nígbà mìíràn òkè rẹ̀ a pọ́n bí osùn.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iná tí ń jó. Oòrùn ni ó ń tú èérún tín-ín-tìn-ìn tí ojú kò lè rí sí òfuurufú. Ayé sì dàbí òòfà ńlá. Agbára òòfà yìí ni ó ń darí irú èérún bẹ́ẹ̀ sí ìhà àríwá àti gúúsù ayé. Nígbà tí wọ́n bá kọlu afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè réré, afẹ́fẹ́ náà a tàn. Ọ́síjìn a tàn bí ewé ní nǹkan bí kìlómítà 100 sókè, a sì tàn pupa bí ó bá ju kìlómítà 200 lọ. Nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìmọ́lẹ̀ náà kì í dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ìgbà àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí bí ó ti ga tó. Àwọn kan sọ pé ó máa ń bà lé orí òkè. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1892, ará Jámánì kan, Martin Brendel, ya àwòrán rẹ̀ ní Bossekop, lẹ́bàá Alta. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò hàn dáadáa. Ní ọdún 1899, Kristian Birkeland kọ́ ilé ìwádìí sí orí òkè Haldde. Ìyà ńlá ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ìjì àti òtútù kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, òjò dídì sì ya lulẹ̀ láti ara òkè, ó pa ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá a lọ.

Carl Størmer, onímọ̀ ìṣirò, ni ó wá ọgbọ́n sí iyàn yìí. Bí ènìyàn bá na ìka rẹ̀ síwájú ojú, tí ó di ojú kan, tí ó sì tún di èkejì, yóò dàbí ẹni pé ìka náà ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Bí ìka bá ti jìnnà tó ni ṣíṣí náà yóò ti kéré tó. Ní ọdún 1910, Størmer lọ sí Bossekop, ó gbé kámẹ́rà sí ibi méjì tí ó ju kìlómítà mẹ́rin lọ síra wọn. Tẹlifóònù ni àwọn tí ó wà ní ibi méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè ya àwòrán ní ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn ìràwọ̀ tí ó wà nínú àwòrán méjèèjì kò ṣí nípò, nítorí wọ́n jìnnà púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ni ó ṣí. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni ó ti ṣírò gíga rẹ̀, ó sì hàn pé ó ga ju òkè èyíkéyìí lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwòrán kan ṣoṣo kì bá tí parí iyàn náà.

Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ya irú àwòrán yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jìnnà sí ìlú ńlá, nítorí iná ìlú a máa bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó dúró ní òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, kí òkùnkùn lè mọ́ ojú rẹ̀ lára. Kí ó gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò mì, kí ó fi ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀ tún ojú rẹ̀ ṣe, kí ó sì ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá pẹ́ jù, ìràwọ̀ a fà bí ìlà, nítorí ayé ń yí. Òtútù a máa tètè pa bátìrì; nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n fi ń tọ́jú òmíràn sínú àpò aṣọ rẹ̀. Bí ó bá sì ń padà wọlé, kí ó ti di kámẹ́rà sínú àpò, kí ìrì má baà bo dígí rẹ̀ nínú ilé tí ó móoru.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, èérún tí oòrùn tú jáde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rí ìmọ́lẹ̀ náà títí dé Florida ní Amẹ́ríkà. Ní ibi púpọ̀, eérú lásán ni ojú rí, ṣùgbọ́n àwòrán fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé hàn. Ojú kì í lè kó ìmọ́lẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà a máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó wá ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí ni òkùnkùn fúnra rẹ̀, nítorí iná ń tàn káàkiri ayé. Ẹni tí ó bá sì ba òkùnkùn jẹ́ ti pa ojú ara rẹ̀ dé sí ọ̀run.